Ọkọ̀ Ogun Tí Ọta Kò Bà

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan ń rọ̀, irú èyí tí kì í dá bọ̀rọ̀, tí kì í sì í le. Awòfín jókòó létí fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Kò sí ẹni tí yóò wọ ẹ̀wù náà mọ́. Ṣùgbọ́n kí bàbá náà tó kú ni bọ́tìnnì ti já, Awòfín sì ti dá a lóhùn pé, "Màá rán an lọ́la." Ọ̀la náà ló dé yìí.

Rédíò ń dá sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Kò fetí sí i títí ó fi dárúkọ Ìjàpá.

Kò sí ẹni tí kò mọ Ìjàpá nílùú náà. Ọkọ̀ ogun onírin ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Nígbà ogun àtijọ́, ọmọ ogun mẹ́ta ló gbé e lọ dínà de ọ̀tá lórí afárá, kí àwọn ará ìlú lè ráyè sá. Ìlú sá. Ìjàpá kò padà.

"Wọ́n ti rí Ìjàpá," ni ohùn inú rédíò wí. "Inú àká gbígbẹ kan ní òdìkejì odò, níbi tí ọ̀tá tẹ̀dó sí nígbà náà, ni wọ́n ti rí i. Kò sí ojú ọta ìbọn kan lára rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ogun ní ó hàn gbangba pé ńṣe ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn gbé e fún ọ̀tá. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé yóò ṣíṣọ lójú ọkọ̀ náà láìpẹ́."

Awòfín fi eyín já òwú. Kò tíì ká ẹ̀wù náà tán tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ilé-ìwé ni. Kò bo orí, kò mú agboòrùn, omi ń kán ní etí ìró rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ wọlé, ẹ ti tutù wọ egungun."

"Wọ́n ní ọkọ mi ta ìlú rẹ̀."

"Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Ìyá."

"Ta ló wa Ìjàpá? Ṣé ọkọ̀ máa ń wa ara rẹ̀ ni?"

Awòfín dìde. Ó wá aṣọ gbígbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí ìyá náà bí ẹni ń nu orí ọmọ.

"Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ti ránṣẹ́ sí mi," ni ìyá wí lábẹ́ aṣọ náà. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣíṣọ lójú ọkọ̀ yẹn, wọn á ha orúkọ ọkọ mi kúrò lára ògiri àwọn tó kú fún ìlú. O mọ̀ pé n ò rí òkú rẹ̀ sin. Orúkọ ara ògiri yẹn ni mo máa ń lọ nù ní ọjọọjọ́ ìsinmi. Òun ni ibojì tí mo ní."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Ìyá?"

"Kí o tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kò sí ohun tó lè sá pamọ́ fún ojú rẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Awòfín. Lọ wo ọkọ̀ náà fún mi. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, wá sọ ọ́ lójú mi, màá gbà á. Ṣùgbọ́n má parọ́ láti tù mí nínú o. Irọ́ rere ò ṣe é sun lé lórí."

Awòfín mú un pa dà lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó mọ́ tónítóní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kúrú, òkúta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá rí ibi tí ojú Awòfín lọ.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn," ó wí, ẹ̀rín fẹ́ yọ, ó tún pa dà. "Èèyàn kúkúrú ni ọkọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tó kílọ́ọ̀ṣì, irin tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá yẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó máa fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó wá sinmi kẹ́yìn, ó fi ayùn gé ìdí ẹsẹ̀ àpótí mi, ó ní òun fẹ́ fi wáyà dè é mọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Mo pariwo lé e lórí. Ó ní, 'Má bínú, bí ogun bá parí, màá dá ẹsẹ̀ àpótí rẹ pa dà.'"

Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí Awòfín jáde.

*

Ọ̀gá Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yé nu awò ojú rẹ̀. Ó mú Awòfín lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn. Ìjàpá dúró níbẹ̀ lábẹ́ iná funfun, ó tóbi, ó dákẹ́, wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún títí ó fi ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Màámi, mo mọ ohun tó gbé yín wá," ni ọ̀gá wí. "Ó dùn mí fún ìyá náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí."

Ó tẹ̀ ba, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí irin ìdí ọkọ̀ náà. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òòlù lù wọnú irin.

"Mo fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ológun. Wọ́n ní ti Ìjàpá ni, kò sí méjì rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú lẹ́tà nọ́ńbà yìí lónìí, irinṣẹ́ tí wọ́n fi lù ú ti parẹ́."

Awòfín fi ìka rẹ̀ tọ ojú nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Àtijọ́ ni. Ó dìde lórí ilẹ̀ tútù tí ó kúnlẹ̀ lé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ bá mi na ọwọ́ sí ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Kílọ́ọ̀ṣì. Kí lẹ fọwọ́ kàn?"

Ọ̀gá rọra na ọwọ́, nítorí ẹ̀wù rẹ̀ funfun. "Irin àfẹsẹ̀tẹ̀ lásán. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Kí ló dé?"

"Kò sí. Ẹ ṣáà rántí pé ẹ fọwọ́ kàn án."

Kílọ́ọ̀ṣì tí kò ní igi kò jẹ́ ẹ̀rí lójú Awòfín. Igi lè jábọ́. Wáyà lè já. Ó lè jẹ́ ọ̀tá ló yọ ọ́ dànù.

Láti ibẹ̀ ó kọrí sí ilé Sájẹ́ǹtì àgbà, ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tó wà létí odò lọ́jọ́ náà. Bàbá náà dùbúlẹ̀, ó bo ẹsẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ sì mú ṣáṣá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ rí Ìjàpá kẹ́yìn."

"Mo rí i tí ó gun afárá. Ó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn."

"Ó ń yìnbọn?"

"N ò gbọ́ kó yìnbọn. Etí wo ni mo fẹ́ fi gbọ́? Ìbọn ńlá ti di mí létí láti òwúrọ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí èéfín fi máa lọ, afárá ti wó. Ìjàpá ò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn. Gbogbo wa ní ó ti kọjá sí òdìkejì kí afárá tó wó ni." Bàbá náà kọjú sí ògiri. "Ọmọ dáadáa ni awakọ̀ yẹn o. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ọlọ́pàá, ó kọjá. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Awòfín dúpẹ́. Nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà, ó ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́. Kò rí ọ̀rọ̀ kan tó fúyẹ́ tó láti gbé wọ yàrá ìyá náà.

*

Àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló yí i lọ́kàn pa dà. Akunmọ́tò ni ọkọ rẹ̀, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi kun mọ́tò. Awòfín ṣí àpótí náà láti fi ìyókù òwú pamọ́ sínú rẹ̀, òórùn ọ̀dà sì tú jáde bí ẹni pé bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú yàrá ni. Sáńpépà tó fi ń ha ọ̀dà wà níbẹ̀, ó ká a sí wẹ́wẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn rẹ̀ dé sí i létí: "Ọ̀dà dà bí aṣọ, Ìyá Ilé. Bí o bá fẹ́ mọ èèyàn, bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó mú ẹyọ kan nínú sáńpépà náà, ó pa dà sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé.

"Màámi, ẹ má ba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ fún mi o!" ni ọ̀gá ké.

"Àyè tó tó èékánná ni mo fẹ́. Bí mo bá jẹ̀bi, ẹ fi mí sínú gíláàsì yín, kí àwọn èèyàn máa wá wò mí."

Ó fi omi rin sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Aláwọ̀ ewé tuntun kọ́kọ́ lọ, aláwọ̀ eérú yọ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé àtijọ́, lẹ́yìn náà irin. Irin náà ti dípẹtà díẹ̀, ìpẹtà tó ń bó bí èèpo igi.

Ó sún lọ síbi nọ́ńbà, ó ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aláwọ̀ ewé tuntun lọ. Kò sí aláwọ̀ eérú. Pọ́tì funfun ló yọ, èyí tí àwọn akunmọ́tò fi ń dí ihò. Nígbà tí pọ́tì lọ, ojú irin náà hàn, ó dá wòmùwòmù bí ojú ẹni tí ilẹ̀gbóná bá jà.

Awòfín sún mọ́ ọn. Ó yọ ìkótí irun rẹ̀, ó tì í bọ inú ihò ìṣó tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà, ó sì wa ẹrẹ̀ gbígbẹ jáde sí àtẹ́lẹwọ́. Nínú ẹrẹ̀ náà ni ìkarahun wẹ́wẹ́ wà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ wo èyí. Ibo ni wọ́n ní wọ́n ti rí ọkọ̀ yìí?"

"Inú àká gbígbẹ."

"Ìgbín odò wo ló wá rin ìrìn àjò wọ àká?"

Ọ̀gá nu awò ojú rẹ̀. Ó tún un nù.

"Irin tó pẹ́ lórí ilẹ̀ àti irin tó pẹ́ nínú omi, ìpẹtà wọn kì í jọra," ni Awòfín wí. "Nọ́ńbà yìí, ti Ìjàpá ni. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe Ìjàpá. Ẹnìkan gé e níbì kan, ó wá jó o mọ́ ibí."

"Màámi, ìpẹtà nìkan ò lè dúró níwájú adájọ́. Arítà tó tà á fún wa á ní òjò ló pa á."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí."

*

Oníṣòwò ohun àtijọ́ ni Arítà. Àwọn èèyàn ní bí o bá fẹ́ ra eyín ẹyẹ, Arítà á bá ọ wá a, á sì bi ọ́ bóyá ti òkè lo fẹ́ tàbí ti ìsàlẹ̀. Awòfín bá a ní ẹnu ọ̀nà àgbàlá Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, Ajórin, ti ń to irinṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ṣì ń tún ọkọ̀ náà ṣe de ọjọ́ ìṣíṣọ.

"Àǹtí wa!" ni Arítà wí. "Wọ́n ní ẹ ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ọjà mi lẹ́sẹ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀? Mo ti fẹ́ gbà fún yín. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìyàwó awakọ̀ náà ní ọkọ òun kúrú, ó jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó o. Ilẹ̀ ti ń ṣú lónìí, màá wá wò ó lọ́la. Bí irin yẹn bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Èmi náà á jẹ́rìí fún yín."

Arítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Á wà níbẹ̀, Àǹtí. Ọjà mi kì í dín."

Nígbà tí Awòfín pa dà wá bá wọn ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kejì, Arọ́pò wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́pàá ni, òun ló gba àga Awòfín nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Awòfín ní kí ọ̀gá tún na ọwọ́ sí kílọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀gá na ọwọ́. Ojú rẹ̀ yí pa dà.

"Irin kan wà lórí rẹ̀. Pẹlẹbẹ. Ó ti dípẹtà." Ó wo Awòfín. "Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan ibí lánàá! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀!"

"Ẹ ò rí i?" ni Arítà wí kíákíá. "Bí ìyá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni."

"Ìyá ò sọ bẹ́ẹ̀," ni Awòfín dáhùn. "Igi ni ọkọ rẹ̀ lò. Ìdí ẹsẹ̀ àpótí ni, wáyà ló sì fi dè é. Irin yẹn kò sí rí láyé, àfi lẹ́nu mi. Ẹnu mi ni ẹ ti rà á."

Arítà yíjú sí Ajórin. Ajórin gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Arọ́pò," ni Awòfín wí, "jẹ́ kí èmi bi í. Ajórin, ibo lo ti gé nọ́ńbà yẹn?"

"Má dáhùn!" ni Arítà jágbe.

"Ọmọkùnrin, mi ò bi ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ olè. Ìyá arúgbó kan ń nu ògiri ní ọjọọjọ́ ìsinmi. Ibo ni Ìjàpá wà?"

Ajórin wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Lábẹ́ omi, níbi tí afárá wà tẹ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò fà, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè tà. Ọ̀gá mi Arítà ní kí n gé nọ́ńbà nìkan, pé òun ní irú rẹ̀ tó pé, tí òun rà ní òdìkejì odò."

"O wo inú rẹ̀?"

Ajórin gbé ojú kúrò. "Mo rí bàtà kan, Ìyá. N ò wo inú bàtà náà."

Awòfín yíjú sí Arítà. "Ó yé mi pé ẹ jalè. Ohun tí kò yé mi ni ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi í kún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ohùn Arítà ti lọ sílẹ̀. "Ọkọ̀ tó pé, tí ọta ò bà, ní òdìkejì odò. Wọ́n á bi mí bó ṣe dé ibẹ̀. Ọjà gbọ́dọ̀ ní ìtàn, Àǹtí. N ò ní wọn sínú. Òkú kì í gbẹ́jọ́ mọ́."

"Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbẹ́jọ́."

Arọ́pò mú Arítà lọ́wọ́. "Ọ̀gá mi," ó wí fún Awòfín bí wọ́n ṣe ń jáde, "wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún..."

"Má parí ẹ̀. A ṣì ń lọ sí odò."

*

Ẹ̀rọ agbẹ́rù ni wọ́n fi fa Ìjàpá jáde. Omi ń ṣàn ní gbogbo ojú ihò ara rẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún láti ibi púpọ̀. Àwọn tó pé jọ ṣí fìlà. Awòfín yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró níwájú rẹ̀ títí.

"Ẹ wá, Ọ̀gá," ó wí. "Ojú ọta pọ̀ níwájú yìí bí ojú asẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Ẹni tó ń sá kì í fi iwájú gba ọta, ẹni tó ń lọ fara ẹ̀ fún ọ̀tá kò sì ní gba ọta rárá. Sájẹ́ǹtì rí i tí ó ń lọ tààrà, òótọ́ ló sọ. Ibi tó dúró sí ni kò rí. Orí afárá náà ló ti dúró, afárá sì gbé e wọ omi."

Ọ̀gá Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé kò nu awò ojú rẹ̀ mọ́. Ó bọ́ ọ, ó fi sápò. "Orúkọ wọn á wà lára ògiri," ó wí. "Èmi náà á lọ sọ ọ́ lórí rédíò, lẹ́nu ara mi."

Wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n sì sin wọ́n sínú ibojì kan, nítorí omi ti dà wọ́n pọ̀ kọjá ohun tí ọwọ́ èèyàn lè yà. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i. Kò sunkún. Ó ní ẹkún náà ti tán kí ibojì tó dé.

Ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá fọwọ́ sí i, Awòfín di ohun kan sínú aṣọ, ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ìyá tú aṣọ náà. Igi kékeré kan ni, ẹrẹ̀ odò ti sọ ọ́ di dúdú, ẹyọ wáyà kan ṣì wé mọ́ ọn.

Ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yọ òkúta kúrò lábẹ́ àpótí, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó sì gbé e fún Awòfín.

"Bá mi fi í síta. Ó ti ṣiṣẹ́ tó."

Ó ti igi náà sí abẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí àpótí náà wò. Omi ti jẹ igi náà díẹ̀, nítorí náà àpótí ṣì ń mì.

"Ẹ jẹ́ kí n wá pákó tín-ín-rín kún un, Ìyá," ni Awòfín wí.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá dáhùn. "Òun náà kì í jókòó jẹ́ẹ́."